Yàrá Kan Ṣoṣo

Òjò ti dá ní Ẹlẹ́yẹlé láàárọ̀ ọjọ́ náà,
òkìtì iyẹ̀pẹ̀ tí à ń yìnbọn sí ṣì ń ṣomi.
Àwa mẹ́sàn-án tò bí ọmọ iléèwé.
Sájẹ́ǹtì Gbólágadé tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì,
ó gbé ìbọn ìléwọ́ lé e,
ó ní, "Ẹ kí i."
A rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹnu rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tó kọjú sí.
Ìbọn ní apátí, kò ní apátí,
ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n dojú rẹ̀ kọ òun?
Òkìtì yẹn kò ní ìyá, kò lọ́mọ,
òun ni kí ẹ dojú rẹ̀ kọ,
kì í ṣe ìyàwó mi tó ń sáṣọ lẹ́yìn bárékè,
kì í ṣe ẹsẹ̀ ara yín."
Ìgbà náà ni mo rí bàtà rẹ̀ òsì,
bó ṣe tẹ̀ wọnú níbi tó yẹ kí ọmọ ìka wà.

"Àwẹ̀ró, máa bọ̀."
Ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ,
ó tutù bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú adágún.
"Ìfábẹ̀lá rẹ ńkọ́? Kò sọ́bẹ̀ lára apátí.
Jẹ́ kó nà gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin,
bí ọmọ tí wọ́n ní kó dúró lẹ́nu ọ̀nà,
títí wàá fi rí ohun tí o fẹ́ yìn,
títí wàá fi mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀."

Mo tẹ bọ́tìnnì. Àpò ọta já sí mi lọ́wọ́ òsì.
Mo ní, "Ó ti ṣófo, sà."
Igbe tó ké! Lékèélékèé fò lórí omi.
"Ta ló sọ fún ọ?
Onílé kan ní Ìdí-Àrẹ̀rẹ̀ kó ayálégbé rẹ̀ jáde,
ó ní ilé ti dá páropáro.
Ọ̀kan ṣì wà ní yàrá, ó sùn, kò gbọ́ ariwo.
Ọ̀kan yẹn ló ń pààyàn."

Mo di ìdérí orí rẹ̀ mú, mo fà á sẹ́yìn.
Ọta kan ta jáde, ó yí gbirigbiri,
ó dúró lẹ́bàá bàtà òsì yẹn, ó ń dán bí ìdẹ.
Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.
Mo jẹ́ kí ìdérí dúró sẹ́yìn, mo yọjú wo yàrá,
mo ti ọmọńdinrín bọ̀ ọ́.
Kò sí nǹkan.
"Wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i."

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ló tó sọ ọ́, kò sì wo ojú wa:
"Èmi àti Ṣítù jọ ń gbé yàrá kan.
Ó ń nu ìbọn. Ó yọ àpò ọta,
ó ní ó ti ṣófo, kí n gbà á wò.
Ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ gbà.
Ògiri bárékè kò nípọn."
Ó dákẹ́ síbẹ̀.
A kò bi í léèrè ta ló wà lódì kejì ògiri.

Ọdún mọ́kànlá rèé. Lánàá, ní Ìyágankú,
obìnrin opó kan gbé láílọ́ọ̀nù búrẹ́dì lé káńtà mi,
ìbọn ọkọ rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìwé àṣẹ rẹ̀ tó ti gbó.
"Ẹ má ṣèyọnu, ìyá, ó ti ṣófo.
Ó ti pẹ́ tó ti ṣófo."
Mo ní kí wọ́n sún sápá kan.
Mo dẹnu rẹ̀ kọ àpótí yanrìn. Ìka mi nà gbọọrọ.
Mo yọ àpò ọta: kò sí ọta nínú rẹ̀.
Mo fa ìdérí sẹ́yìn, mo yọjú wo yàrá:
kò sẹ́nìkan níbẹ̀.

Obìnrin náà ní, "Ṣé ẹ rí i?"
Mo ní mo rí i, mà.
Mo wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i.